Ẹnu Tí A Fi Ń Ta Ọjà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà: Láti Ìkiri dé Orí WhatsApp

Àwọn tí wọ́n ti kọ nípa ìtàn ìpolówó ọjà ní Nàìjíríà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, wọ́n á gba Èkó kọjá, wọ́n á sì gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn, níbi tí ilé iṣẹ́ mohùnmáwòrán WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ìtàn náà gbà kò burú, ṣùgbọ́n ó fojú fo àwọn ìlú tí òwò ti jẹ́ iṣẹ́ àtayébáyé níbẹ̀, tí kò sì sí ilé ìtẹ̀wé ìròyìn tàbí ilé iṣẹ́ rédíò láàárín wọn fún ìgbà pípẹ́. Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ìlú ńlá méjì ní ilẹ̀ Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà lára irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí oníṣòwò òde òní ń bi ara rẹ̀, pé nínú Facebook, WhatsApp, Instagram àti TikTok, èwo ni kí òun gbé ọjà òun lé, kì í ṣe àjèjì ní ìlú méjèèjì yìí rárá, nítorí pé kí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì tó dé ibẹ̀ ni oníṣòwò ti ní láti yan ọjọ́ tí yóò ná, ọ̀nà tí yóò tọ̀, àti ẹnu tí yóò fi ké sí ará ìlú. Nígbà tí a bá sì tọ ipasẹ̀ ohun tí wọ́n yàn láti ìran dé ìran, a ó rí i pé ibi tí èrò ti pọ̀ jù lọ kọ́ ni ó máa ń fa oníṣòwò Àkókó mọ́ra jù, bí kò ṣe ibi tí ẹni tí ń rà ti lè mọ ẹni tí ń tà, tí àwọn méjèèjì sì ti lè dúnàádúrà láìsí etí ẹni kẹta níbẹ̀.

Ilẹ̀ Àkókó wà ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀ Èkìtì, ìpínlẹ̀ Kogí àti ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: Ìkàrẹ́ ni olú ìlú fún Ìlà-Oòrùn Àríwá, Ọ̀kà fún Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, Òkè-Àgbè fún Ìwọ̀-Oòrùn Àríwá, Ìsùà sì ni fún Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Òkè àti àpáta ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, àwọn ni ará ìlú sì fi ṣe ibi ìsádi ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Núpé ń ja agbègbè náà lógun tí wọ́n sì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní ọdún 1897, tí ìbẹ̀rù ogun sì rọlẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè àti ẹ̀bá ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìrísí àtijọ́ kò parẹ́ tán. Ọ̀kà ní pàtàkì jẹ́ ìlú tí àwọn àdúgbò rẹ̀ fọ́n ká, tí ènìyàn lè ti inú àdúgbò kan bọ́ sínú òmíràn lẹ́yìn tí ó ti gun òkè tí ó sì ti sọ̀kalẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní ibì kan níbẹ̀ kì í tètè di mímọ̀ fún gbogbo ìlú àfi tí a bá rán an lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ó mú kí ọ̀rọ̀ ìpolówó le ní Àkókó ju bí ó ti rí ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lọ, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ èdè. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ agbègbè yìí bí ẹni mowó, nítorí pé láàárín ìrìn ọjọ́ kan péré ni ènìyàn ti lè gbọ́ ẹ̀ka-èdè Yorùbá ti Ìkàrẹ́ àti ti Ọ̀kà, kí ó gbọ́ èdè àwọn ará Àrìgìdì àti Òkè-Àgbè, kí ó gbọ́ èdè tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Akpes ní Ìkáràmù àti àyíká rẹ̀, kí ó sì tún gbọ́ èdè Ìsùà àti Ẹ̀pìnmì, tí wọ́n bá àwọn èdè ìpínlẹ̀ Ẹdó tan. Yorùbá gbogbogbòò, ìyẹn èyí tí a ń kọ sínú ìwé tí a sì ń sọ lórí rédíò, ni ó so gbogbo wọn pọ̀ nínú ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí gbogbo Àkókó gbọ́ ohun tí òun ń tà kò rí ọgbọ́n mìíràn dá ju kí ó fi èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì tún jẹ yọ nígbà tí a bá dé orí ẹ̀rọ alágbèéká.

Kí ọkọ̀ tó dé, ọjọ́ ọjà ni ìkànnì àkọ́kọ́, ìyẹn ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé etí ẹni tí a fẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Ọjà ọrọọrún, èyí tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún bí a bá ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ni ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀jọ̀gbọ́n B. W. Hodder sì ṣàlàyé nínú ìwé tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ukwu, gbé jáde ní ọdún 1969 bí àwọn ọjà tí ó wà ní agbègbè kan náà ṣe máa ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kí wọ́n má baà gba oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Alájàpá, ìyẹn oníṣòwò tí ń ru ọjà láti ìlú dé ìlú, ní láti mọ ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan àti irú èrò tí ń wá síbẹ̀, nítorí pé ọjà tí iṣu pọ̀ nínú rẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí àgbẹ̀ ru iṣu lọ, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ó mọ ìkòkò ní Erúsú kò níí gbé e lọ sí ibi tí gbogbo ilé ti ń mọ ọ́n. Aṣọ tí àwọn obìnrin Àkókó ń hun lórí òfì ìdúró, ìyẹn òfì tí a gbé nàró ti ògiri, nílò ọjà tí àwọn àjèjì ń wá, nítorí pé àwọn obìnrin ìlú fúnra wọn mọ̀ ọ́n hun. Ìkàrẹ́ jẹ àǹfààní ipò rẹ̀ gan-an nínú ètò yìí, nítorí pé ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ gba Àkùngbá wá, ọ̀nà tí ń lọ sí Èkìtì àti èyí tí ń lọ sí ìhà Kàbà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti pàdé.

Akéde ni ó ní ohùn tí ó dé ibi púpọ̀ jù lọ láàárín ìlú. Òun ni ẹni tí ààfin ń rán, tí ó ń lu agogo kiri ní àṣálẹ́ tàbí ní ìdájí, tí gbogbo ilé sì ń dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí ó wí, yálà ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀ ni, tàbí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, tàbí pé wọ́n ti sún ọjọ́ ọjà síwájú. Ṣùgbọ́n ohùn akéde kì í ṣe ohun tí oníṣòwò lè fi owó yá láti fi polówó epo tàbí iṣu tirẹ̀, torí ohùn ọba ni, bí a bá sì fi í ta ẹrù ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ọba yóò di yẹpẹrẹ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe máa ń kà á sí lọ, nítorí pé ó fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ará Àkókó ti mọ̀ pé ìkànnì tí ó gbòòrò jù lọ ní olówó rẹ̀, àti pé olówó náà ni ó ń pinnu ohun tí yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Nítorí náà, ẹnu ara rẹ̀ ni oníṣòwò ń lò. Ìkiri ni wọ́n ń pe kí ènìyàn gbé ọjà rù kí ó sì máa polówó rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, ó sì ní òfin tirẹ̀ tí àwọn ọmọdé máa ń kọ́ lẹ́yìn ìyá wọn. Ọjà tí ó tètè ń tutù tàbí tí ó tètè ń bàjẹ́, bí ẹ̀kọ gbígbóná, àkàrà àti ẹ̀fọ́, ni a ń fi ohùn gooro polówó, tí olówó rẹ̀ á sì fa ọ̀rọ̀ ìparí gùn kí ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé lè gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kí àwọn ará ilé lè máa fi ohùn rẹ̀ mọ àsìkò. Aṣọ olówó iyebíye kò gba ariwo báyìí. Ẹni tí ó ń tà á máa ń dì í sínú aṣọ mìíràn, yóò wọ ilé ẹni tí ó mọ̀ pé ó ń múra ọdún tàbí ìgbéyàwó, yóò jókòó, yóò kí ará ilé tán, kí ó tó tú u. Iṣu àti epo a máa dúró sójú kan ní tiwọn, oníbàárà ni yóò wá wọn rí. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ẹnikẹ́ni pé ìwà ọjà ni ó ń yan ẹnu tí a ó fi tà á, síbẹ̀ gbogbo ọjà ni ó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kan tilẹ̀ wà tí kò gba ẹnu rárá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ a máa to ìdì iṣu tàbí èso sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, á sì kó òkúta wẹ́wẹ́ síwájú ìdì kọ̀ọ̀kan, kí iye òkúta náà lè sọ iye owó tí ó ń bèèrè, á wá bá iṣẹ́ oko rẹ̀ lọ. Ẹni tí ń kọjá á ka òkúta, á fi owó sílẹ̀, á gbé ìdì tí ó wù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń gbé igo tàbí agolo kọ́ síwájú ilé láti fi han àlejò pé epo tàbí ẹmu ń bẹ nínú ilé náà. Iye tí a kọ sójú táyé lè rí i, tí kò ní ìdúnàádúrà nínú, ni ti òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì yẹ kí a kíyèsí i pé ibi tí àlejò àti èrò ọ̀nà ti ń kọjá ni wọ́n ti ń lò ó. Láàárín ìlú, níbi tí oníṣòwò ti mọ àwọn tí ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, iye owó kì í ṣe ohun tí a ń gbé kalẹ̀ báyẹn.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tí a ń pè ní oníbàárà. Oníbàárà ju ẹni tí ó ra nǹkan lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó ti fi ibì kan ṣe ibi ìrajà rẹ̀ ni, tí òun àti olùtà sì ti ní ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín ara wọn débi pé ó lè gba ọjà láwìn, kí ó sì sanwó ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀. "Oníbàárà mi, ẹ yà níbí o" ni ìyá tí ń ta gààrí yóò ké bí ó bá rí i láàárín èrò, òun náà yóò sì dáhùn pé, "Ìyá, ẹ kú ọjà o, ẹ bá mi wọ̀n ọ́n dáadáa." Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ná an tán, ìyá yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, èyí tí a mọ̀ sí èènì, ìyẹn àfikún tí kò sí nínú owó. Iye tí ìyá náà gbà lọ́wọ́ oníbàárà yìí kò gbọ́dọ̀ hàn sí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé àlejò lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sì lè san dín. Ẹni tí kò bá lóye èyí yóò máa bú àwọn oníṣòwò orí ayélujára pé wọn kì í kọ iye owó sí abẹ́ àwòrán ọjà wọn, kò níí mọ̀ pé àṣà tí ó ti pẹ́ ju fóònù lọ fíìfíì ni wọ́n ń tẹ̀lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni pé àwọn kan ń fi àṣà náà bojú láti rẹ́ni jẹ.

Ìwé ìròyìn kò rí ibi fẹsẹ̀ rinlẹ̀ nínú òwò Àkókó. Ìwé ìròyìn Townsend dáwọ́ dúró ní ọdún 1867, àwọn ìwé ìròyìn èdè Yorùbá ti ọdún 1920 sókè, bí Èkó Àkéte àti Akéde Èkó, sì jẹ́ ti àwọn òǹkàwé Èkó. The Yoruba News tí D. A. Ọbasá dá sílẹ̀ ní ọdún 1924 jẹ́ ti Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ West African Publicity sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti máa polówó ọjà àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, pátákó ẹ̀bá ọ̀nà àti àwòrán ara ògiri ni ó dé ìgbèríko, ọṣẹ àti sìgá ni ó sì wà lójú wọn, kì í ṣe iṣu Ọ̀kà. Ohun tí ó mú kí ìwé kíkà gbilẹ̀ gan-an ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, èyí tí Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ láti kọ orúkọ wọn nígbà náà ni òbí àti òbí àgbà àwọn tí ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ta ọjà lónìí.

Ọkọ̀ ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù di ohun tí ń gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti ti Èkìtì kọjá lójoojúmọ́, àwọn awakọ̀ àti àwọn agbèrò, ìyẹn àwọn tí ń pe èrò sínú ọkọ̀, di olùgbé ìròyìn: wọ́n mọ iye tí iṣu jẹ́ ní ìlú tí wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n mọ ibi tí ata ti wọ́n, wọ́n sì ń jíṣẹ́ láàárín àwọn oníṣòwò tí wọn kò rí ara wọn rí. Ọkọ̀ kan náà ni ó gbé gbohùngbohùn dé. Àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé alárìnkiri, tí Hubert Ògúndé ṣe aṣáájú wọn láti ọdún 1945, a máa wa ọkọ̀ kiri ìlú ní ọ̀sán tí wọn yóò bá ṣeré, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí rẹ̀, wọ́n á máa kéde ibi àti àkókò eré náà; àwọn olóògùn kò sì pẹ́ kọ́ ọ lára wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn tí ó lágbára tó ti akéde, tí ó sì dé àdúgbò Ọ̀kà kan lẹ́yìn òmíràn, di ohun tí ẹni tí ó lówó lè yá láìlọ sí ààfin.

Rédíò pẹ́ kí ó tó wúlò fún Àkókó. Èyí tí ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1935 àti ní Ìbàdàn ní ọdún 1939 jẹ́ rédíò onígbà wáyà, tí ohùn ń gba inú wáyà dé inú àpótí nínú ilé, ibi tí wáyà kò bá sì dé, ohùn kò lè dé ibẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò WNBS bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1959, tí rédíò kékeré oníbátìrì sì dé ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, tí àgbẹ̀ lè gbé e lọ sí oko, ni àwọn ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìpolówó ọjà ní èdè Yorùbá lójoojúmọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ilé iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́ tún mú ohùn náà súnmọ́ wọn. Síbẹ̀, òkè kò jẹ́ kí ó rọrùn, nítorí pé ìgbì rédíò FM máa ń lọ tààrà ni, bí òkè bá sì dínà láàárín òpó rédíò àti ilé, igbe ṣíṣìṣì ni ènìyàn yóò gbọ́, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbì alábọ́ọ́dé (medium wave) ti àtijọ́ tí ó máa ń gba ara ilẹ̀ rìn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, rédíò kò mọ oníbàárà. Ẹni tí ó gbọ́ ìpolówó kò lè dáhùn, kò lè ná an, kò lè béèrè bóyá èyí tí ó pupa ṣì kù. Fún ìdí yìí, ìkéde ìsìnkú, ìpàdé ọmọ ìlú, ilé ìwé àti ilé oògùn ni owó ìkéde rédíò tọ́ sí lójú àwọn ará Àkókó, àwọn obìnrin ọjà sì fi rédíò sílẹ̀ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kan gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni, kì í ṣe àìlajú bí àwọn kan ti ń rò.

Ohun tí ó fún oníṣòwò ní ẹnu tí ń lọ tí etí sì ń bọ̀ ni fóònù alágbèéká. Kí ó tó dé, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí NITEL, ilé iṣẹ́ ìjọba, ń bójú tó kò tó 500,000 ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 100,000,000 lọ, èyí tí ó sì dé ìgbèríko kò tó nǹkan. Lẹ́yìn tí ìjọba ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká GSM ní oṣù kìíní ọdún 2001, àwọn ilé iṣẹ́ Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Glo sì dé ní ọdún 2003 pẹ̀lú owó ìpè tí ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Oníṣòwò tí ó ti máa ń rìn láti mọ iye ọjà lè pè ní báyìí kí ó tó gbéra. Ìwé pélébé tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà oníbàárà sí di ohun ìṣúra nínú ìsọ̀.

Yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá wà lára ohun tí ó mú íntánẹ́ẹ̀tì wọ àárín ìlú méjèèjì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ ní òpin ọdún 1999, lẹ́yìn tí Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ tí yunifásítì tí ó wà ní Adó-Èkìtì sì ti bá a lọ. Ní ọdún 2004 ni wọ́n fi orúkọ Adékúnlé Ajáṣin pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́, ìyẹn ojú òpó ayélujára tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń fi àwòrán ránṣẹ́, di ibi ìtajà. Ní nǹkan bí ọdún 2012, 2go tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Áfíríkà ni ó gbajúmọ̀ jù lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré tí kò gbówó lórí, dátà tí ó sì ń jẹ kò tó nǹkan. Àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́nu ń lo BlackBerry, tí fóònù kọ̀ọ̀kan ní PIN tirẹ̀, PIN yìí ni àwọn aránṣọ àti àwọn tí ń ta bàtà sì ń kọ sí ara káàdì wọn. Kò pẹ́ tí 2go fi ṣá, BlackBerry tẹ̀lé e, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n sì ti BBM ti gbogbo ènìyàn pa. Ẹni tí ó kó gbogbo oníbàárà rẹ̀ sí orí PIN, tí kò kọ nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀, pàdánù wọn. Àdánù náà pọ̀, ó sì yẹ kí àwọn òpìtàn òwò kọ nípa rẹ̀ ju bí wọ́n ti ṣe lọ.

WhatsApp, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 tí Facebook sì rà ní ọdún 2014, ni ó wá gba ipò náà, ìdí tí ó fi gbà á sì tọ́ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Nọ́ńbà fóònù ni ó fi ń mọ ènìyàn, nọ́ńbà yìí sì ni oníṣòwò ti ní tẹ́lẹ̀. Státọ́ọ̀sì, ìyẹn àwòrán tàbí fídíò tí ń lo wákàtí mẹ́rìnlélógún kí ó tó parẹ́, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017, kì í hàn sí ẹni tí kò fi nọ́ńbà olùtà pamọ́ sínú fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà náà pamọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe é lè má mọ ohunkóhun nípa Àkókó, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe bá ìlànà oníbàárà mu: àfi ẹni tí ó ti gbà láti mọ̀ ọ́ ni yóò gbọ́ ohùn rẹ. Obìnrin tí ń ta àǹkárá ní Ìkàrẹ́ yóò ya àwòrán aṣọ mẹ́fà ní òwúrọ̀, yóò gbé wọn sórí státọ́ọ̀sì láìkọ iye owó sí i, ẹni tí ó wù yóò kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀ pé, "Ẹ kú òwúrọ̀ mà, èló ni aláwọ̀ ewé yẹn?" Wọn yóò ná an, olùtà yóò dín in díẹ̀ nítorí pé ó mọ ìyá oníbàárà náà, owó yóò wọ àkáǹtì, aṣọ yóò sì dé ibùdókọ̀, níbi tí awakọ̀ yóò ti gbà á gẹ́gẹ́ bí wébíìlì, ìyẹn ẹrù tí kò ní èrò tí ó tẹ̀lé e, tí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí yóò gbà á sí lára. Awakọ̀ tí ń jíṣẹ́ iye iṣu láyé àtijọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì.

Àwọn ìkànnì yòókù rí ipò tiwọn, ó sì dá lórí irú ọjà bí ó ti rí láyé ìkiri. Facebook ni ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ bá àwọn ọmọ Àkókó tí wọ́n wà ní Èkó, Àbújá tàbí òkè òkun sọ̀rọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti rọrùn láti pé jọ láìka iye ènìyàn sí. Ilẹ̀ kíkọ́lé, ilé ìwé, gbọ̀ngàn àríyá àti oúnjẹ ilé tí a dì fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi ni ó ń tà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ọdún 2018 tí Facebook ti kéde pé ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni yóò máa ṣáájú lójú àwọn ènìyàn, ojú ìwé ilé iṣẹ́ tí kò sanwó kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Instagram yẹ fún ohun tí ojú ń rà, bí ìránṣọ, irun dídì àti ìkunra, àlejò tí kò mọ olùtà sì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. TikTok fẹ́ ẹni tí ó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han, bí alásè tí ń ro ọkà tàbí aránṣọ tí ń gé aṣọ. Twitter kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún òwò Àkókó, ìdí nìyẹn tí ìfòfindè rẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022 fi kan àwọn oníròyìn àti olóṣèlú ju ìyálọ́jà lọ. Èyí tí ó kan oníṣòwò gan-an ni ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, nígbà tí Facebook, WhatsApp àti Instagram, tí olówó kan náà ni ó ni wọ́n, dákẹ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó ṣì ní ìwé pélébé nọ́ńbà nínú ìsọ̀ kàn pe oníbàárà rẹ̀ ni, ó sì ta ọjà.

Ohun kan wà nínú WhatsApp tí a kò tíì kọ nípa rẹ̀ tó, ìyẹn ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a sì fi ránṣẹ́. Ìwé ìròyìn, pátákó àti rédíò fi dandan lé e fún oníṣòwò Àkókó kí ó fi Yorùbá gbogbogbòò tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì polówó, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí kò lè tẹ̀wé lè tẹ bọ́tìnnì kan kí ó sì bá ọmọ Àrìgìdì tàbí ọmọ Ìsùà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ná epo ní èdè ilé wọn, kí ó kí i ní oríkì, kí ó béèrè àwọn ọmọ, kí ó tó dárúkọ owó. Ṣáájú èyí, àwọn èdè kéékèèké ilẹ̀ Àkókó kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìkànnì òwò tí ó jáde kúrò ní ìlú wọn, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ti ń kìlọ̀ pé àwọn ọmọdé ń fi díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ní báyìí, owó wà nínú sísọ wọn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ yan ìkànnì fún ọjà rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà ní láti ka èdè tí oníbàárà rẹ̀ ń sọ nílé mọ́ ohun tí yóò wò, pẹ̀lú dátà, irú ọjà àti ibi tí oníbàárà náà ń gbé.